Bí ilé ìwé ọmọ yín kò bá fẹ́ dá yín lóhùn

Màmá wa, ẹ kú ìdààmú òru ọjọ́ yẹn o. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ìkìlọ̀ wọlé sórí fóònù yín láti yunifásítì tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà níbí, pé ẹnì kan gbé ìbọn wọ ọgbà, kí gbogbo èèyàn tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ pe ọmọ títí, kò gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹ pe ọ́fíìsì, obìnrin tó dá yín lóhùn ní òun ò lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ọmọ tí ẹ bí, tí ẹ̀ ń sanwó ilé ìwé rẹ̀! Ẹ wá ń béèrè bóyá torí pé wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ Nàìjíríà lẹ́nu yín ni.

Rárá o. Òfin ni. Ìyá tó jẹ́ òyìnbó, tó tún jẹ́ adájọ́, èsì kan náà ni wọ́n máa fún un. FERPA ni orúkọ òfin náà, ó ti wà láti ọdún 1974. Nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ilé ìwé girama, òbí ló ní ẹ̀tọ́ lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó bá pé ọdún 18, tàbí tó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kódà kó má tíì pé 18, ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Máàkì rẹ̀, gbèsè tó bá jẹ ilé ìwé, ẹjọ́ tó bá rò níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, òun ló ni gbogbo rẹ̀. Ta ló ń sanwó kò kan òfin.

Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni pé òfin yìí kan náà fi àwọn àyè kan sílẹ̀. Wọ́n lè bá òbí sọ̀rọ̀ bí ọmọ bá wà lára àwọn tí ẹ̀ ń kọ sínú ìwé owó orí yín pé ẹ̀ ń gbọ́ bùkátà wọn. Wọ́n lè sọ bí ewu ẹ̀mí tàbí ti ìlera bá wà. Wọ́n sì lè sọ bí ọmọ tí kò tíì pé 21 bá lùfin ọtí tàbí oògùn olóró. Àmọ́ àyè ni, kì í ṣe dandan. Ilé ìwé kan á sọ, òmíràn á yarí. Ohun tó ń tú wọn lẹ́nu kíákíá ni kí ọmọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa bá yín sọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ sábà máa ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọmọ ti ń yan kíláàsì rẹ̀. Àwọn òbí kan máa ń gba password ọmọ ní tiwọn, kí wọ́n máa yọ́ wọlé. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ á yí password padà, á sì dẹ́kun òótọ́ sísọ, ẹ ti pàdánù méjèèjì.

Ohun tó là mí lójú kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọdún kejì nígbà tí àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ bẹ́. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló pè wá lóru pé áńbúláǹsì ti gbé e lọ. Àwa wà ní Maryland, ọmọ wà ní Ohio. Mo pe ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, mo ní ọdún 19. Ó ní, “Sà, mi ò lè sọ fún yín bóyá ó wà níbí tàbí kò sí.” Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bínú sí i. Mo tún padà bẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, kò sì rẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń ké pe Ọlọ́run, èmi ń tú gbogbo dúrọ́ọ̀ ilé kiri torí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi. A wa ọkọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, síbẹ̀ gbólóhùn kúkúrú ni dókítà ń fún wa. Ìgbà tí ọmọ lajú tó sọ pé bàbá òun nìyí, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ni dókítà yẹn fa àga, tó jókòó, tó ya ìfun sórí bébà kékeré kan kó lè yé mi ibi tó ti bẹ́.

HIPAA ló dí wọn lẹ́nu, òfin ọdún 1996 tó ń dáàbò bo àṣírí ìlera aláìsàn. Òun náà kò sọ pé kí wọ́n má bá ẹbí sọ̀rọ̀ rárá. Bí aláìsàn bá gbà, wọ́n lè sọ. Bí aláìsàn ò bá lè sọ̀rọ̀, tí dókítà sì rí i pé yóò ṣe é láǹfààní, wọ́n lè sọ. Ṣùgbọ́n lóru, lórí fóònù, ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ní òun ni bàbá rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́?

Ìwé méjì ló yanjú ọ̀ràn yìí. Èkíní ni ìwé HIPAA, tí ọmọ fi gbà pé kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìlera òun fún yín. Èkejì ni ìwé tó sọ ẹni tó máa pinnu ìtọ́jú bí ọmọ kò bá lè sọ̀rọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń pè é ní healthcare proxy, àwọn mìíràn ń pè é ní medical power of attorney. Kò dìgbà tí ẹ bá fowó dá lọ́yà lọ́lá. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló gbé fọ́ọ̀mù tiwọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Òmíràn ń fẹ́ ẹlẹ́rìí, òmíràn ń fẹ́ notary, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìfọwọ́síwèé. Bí ilé yín àti ilé ìwé kò bá sí ní ìpínlẹ̀ kan náà, ẹ ṣe ti ìpínlẹ̀ méjèèjì, kó má di pé ẹnì kan ń yẹ̀ ẹ́ wò lóru bóyá ìwé àlejò ni. Kí ó wà lórí fóònù yín, kí ó wà lórí ti ọmọ.

Ọmọ mi obìnrin, àbúrò èyí tó wà ní Ohio, kọ́kọ́ kọ̀ nígbà tó kàn án láti fọwọ́ sí i. Ó ní ṣé a fẹ́ máa ṣọ́ òun ni. Mo kó ìwé náà fún un pé kó lọ kà á. Ó rí i pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì lè sọ̀rọ̀, ìwé yẹn kò gba ìpinnu lọ́wọ́ òun. Ó rí i pẹ̀lú pé òun lè yọ ohun tí òun ò fẹ́ ká mọ̀ kúrò nínú ti HIPAA. Ó yọ ọ́ lóòótọ́. Mi ò béèrè ìdí, a sì fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá tún ráyè, ẹ yẹ ètò ìbánigbófò ìlera (health insurance) yín wò. Òfin gbà kí ọmọ wà lórí ti òbí títí tó fi pé ọdún 26, ṣùgbọ́n ètò mìíràn kì í gbà ju dókítà ìpínlẹ̀ tiyín lọ, àfi bó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìkìlọ̀ tó já yín lójú oorun. Ní ọdún 1986, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Jeanne Clery nínú yàrá rẹ̀ ní Lehigh University, ní Pennsylvania. Àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Wọ́n jà títí ìjọba àpapọ̀ fi ṣòfin ní 1990, òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ wọn dòní. Torí òfin yìí ni ilé ìwé ṣe gbọ́dọ̀ ta àwọn ọmọ lólobó bí ewu bá wà nínú ọgbà. Òun náà ló ní kí wọ́n máa gbé ìròyìn ìwà ọ̀daràn jáde ní ọdọọdún, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, kí ọlọ́pàá ọgbà sì ní ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni lè béèrè láti rí. Ẹ ka ìròyìn yẹn ní ti ilé ìwé ọmọ yín. Ó sàn ju àròyé àwọn òbí lórí Facebook lọ, níbi tí ẹnì kan ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ kan. Ìwé ìròyìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ fúnra wọn náà dára. Nígbà mìíràn wọ́n ti dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ kí ilé ìwé tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìkìlọ̀ pé ẹnì kan ń yìnbọn kì í sì í ṣe òótọ́ ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, bí sáà ṣe ń wọlé, àwọn èèyànkéèyàn pe ọlọ́pàá pé ẹnì kan ń yìnbọn ní Villanova University, ní Pennsylvania. Lọ́jọ́ kan náà wọ́n pe ti University of Tennessee ní Chattanooga, wọ́n sì ń ṣe é káàkiri àwọn ọgbà mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Irọ́ pátápátá ni. Àwọn ọmọ ti sáré, àwọn òbí ti sunkún, kó tó di pé wọ́n mọ̀.

Ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ irọ́, ẹ má pe ọmọ nírú àkókò yẹn. Fóònù tó bá dún lè tú u fó níbi tó sá pamọ́ sí. Ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó máa ń ráyè kọjá nígbà tí ìpè kò bá wọlé. Àdéhùn àwa àti àwọn ọmọ wa ni pé kí wọ́n kàn kọ “mo wà”, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì pa ariwo fóònù.

Bí ìdákẹ́jẹ́ bá wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ, ọlọ́pàá ọgbà lẹ máa pè, kì í ṣe ọ́fíìsì ọ̀gá yunifásítì. Bí ẹ bá tẹ 911 láti ìlú tí ẹ wà, àwọn ti ìlú yín ló máa gbé e, kì í ṣe àwọn tó sún mọ́ ọmọ. Ẹ fi nọ́ḿbà ọlọ́pàá ọgbà pamọ́ lónìí yìí, ní kíkún, pẹ̀lú area code rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, welfare check ni wọ́n ń pè é. Wọ́n lè má sọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ní kí ọmọ pe ilé. Orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ìwé ni kí ẹ sọ o. Àwa Yorùbá, ọmọ tí gbogbo ilé ń pè ní Àdùkẹ́ lè má ní Àdùkẹ́ kankan nínú ìwé rẹ̀.

Bí ọmọ bá ń gbé inú ọgbà, ó tún lẹ́tọ̀ọ́ láti dá orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tí ilé ìwé máa ké sí bí a bá wá a tì. Ọmọ ló ń yàn án. Ẹ bi í léèrè orúkọ ta ló kọ. Tèmi kọ orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin tó ní nígbà yẹn.

Bó bá sì jẹ́ pé ìbànújẹ́ lẹ rí lára ọmọ, tí kì í jáde, tí kì í jẹun, 988, nọ́ḿbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ìdààmú ọkàn bá, wà fún ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, tọ̀sán tòru. Òbí náà lè pè é.

Bí ó bá wá sílé fún Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà tó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ẹ má fi fọ́ọ̀mù pàdé e lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kó sùn ná. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ jọ lọ sí báńkì yín, ọ̀pọ̀ wọn ní notary tí kì í gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ mọ̀ bóyá ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kí ọmọ mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí ni ìpínlẹ̀ yín fẹ́, ẹ wá aládùúgbò méjì, torí ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà kò lè ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀.