Èsì: Òkè Meall tàbí Sgùrr, èwo ni kí n gùn ní Skọ́tláǹdì?

Ẹ kú ìbéèrè o. Tí ẹ ò bá tíì gun òkè rí, èyí tó ní Meall lórúkọ ni kí ẹ mú, ẹ fi Sgùrr sílẹ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ Gaelic, èdè ìbílẹ̀ kan ní Skọ́tláǹdì, ni méjèèjì: Meall, òkè tó rí rìbìtì ni, àmọ́ Sgùrr, àpáta ṣóńṣó ni, irú Sgùrr Alasdair ní erékùṣù Skye tó ga tó mítà 992, ìyẹn kì í ṣe ibi eré rárá.

Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ò tó o, torí Meall nan Tarmachan náà ní àpáta, ẹ wo àwọn ìlà inú máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, tí wọ́n bá fún mọ́ra, ibẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Gaelic méjì míì tí ẹ máa rí lórí máàpù nìyí: Bealach ni ọ̀nà tó gba àárín òkè méjì. Allt ni odò kékeré, tójò bá ti rọ̀ ẹ má kàn kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.