Èsì fún ẹni tó ń kó láti Worcester lọ sí South Carolina

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan nítòsí Charleston, àwọn tó ti lọ ṣáájú sì ń sọ fún ọ pé ará ibẹ̀ yá mọ́ni ju ará Massachusetts lọ. O fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, bí wàá ṣe forúkọ àwọn ọmọ rẹ méjèèjì sílẹ̀ nílé ìwé, àti ohun tí wàá ṣe sí ẹ̀wù òtútù yín. Jẹ́ kí n fi "o" bá ọ sọ̀rọ̀, torí àkọ́bí mi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní Worcester kí n tó kó lọ síbẹ̀, irú iṣẹ́ yìí náà ni mo sì lọ ṣe.

Òótọ́ ni pé wọ́n mọ èèyàn kí. Ìkíni yẹn gan-an ló ṣe mí léṣe.

Ní Worcester, ọ̀gá wa kì í kí èèyàn káàárọ̀ dáadáa. Bí o bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò wù ú, ojú ẹsẹ̀ ni yóò pè ọ́: "Èyí ò dáa. Tún un tẹ́." Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, inú ọkọ̀ ni mo ti ń sunkún kí n tó wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo dé South Carolina, ọ̀gá tuntun dì mọ́ mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ, ó sì ń fi "Miss" ṣáájú orúkọ mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní ibi tí mo wá yìí, àfi bí ilé.

Lọ́jọ́ kan ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bí àyè bá yọ, kí n bá òun wo ìwé tí a ń kọ oúnjẹ àti omi àwọn arúgbó sí, ó jọ pé àwọn ibì kan ṣófo. Mo ní kò burú, mà. Arúgbó méjìlá ló wà lọ́wọ́ mi, àyè ò yọ, ọjọ́ kejì ni mo tó kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní bóyá yóò dùn mọ́ mi láti máa tètè dé díẹ̀. Mo ní màá gbìyànjú. Ìgbà kẹta, mo ń ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ mi ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Bless your heart." Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé obìnrin yẹn súre fún mi. Àwa méjèèjì ṣe àmín.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìwé kan wà lórí tábìlì. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú wákàtí wọn: ìkìlọ̀ kìíní, ìkìlọ̀ kejì, ìkìlọ̀ kẹta. Ọ̀gá yẹn jókòó, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, "Mà, ẹ ò bá mi wí rí." Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ní ó ti wà lákọsílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, nínú oṣù Disẹ́ńbà, tí owó ilé ti tó san. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó.

Inú tó sì ń bí mi títí dòní ni ti ọkùnrin kan tí wọ́n pè ní onímọ̀ àṣà, tí wọ́n mú wá kọ́ wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wákàtí méjì ló fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ará Amẹ́ríkà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ará Amẹ́ríkà wo? Ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ìyá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Gullah (àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà tó ń gbé etí òkun ibẹ̀) láti St. Helena Island, ló wá sílé mi pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì pupa, tó ṣàlàyé fún mi. Ó ní "bless your heart" tí mo ṣe àmín sí, bó ṣe sọ ọ́ yẹn, ó túmọ̀ sí pé mo ti sú u. Ó ní "bí àyè bá yọ" túmọ̀ sí "nísinsìnyí."

Nínú oṣù mẹ́rin yẹn, ilé ìkàwé ni mo ń lọ, torí mo fẹ́ mọ ìdí tí ará Massachusetts àti ará South Carolina fi yàtọ̀ báyìí. Àwọn Puritan, ìyẹn àwọn Kristẹni tó mú ẹ̀sìn le gan-an, tẹ̀lé aṣáájú wọn, John Winthrop, dé Massachusetts ní 1630, nǹkan bí 20,000 èèyàn ló sì rọ́ wá láàárín ọdún mẹ́wàá, tọkọtaya tọmọtọmọ, ọ̀pọ̀ láti ìlà-oòrùn England. Wọ́n kọ́lé sún mọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n bá ara wọn dá májẹ̀mú pé bí ẹnì kan bá ṣìnà, kí ẹnìkejì sọ ọ́ sí i létí. Wọ́n tiẹ̀ fòfin de ọdún Kérésìmesì láti 1659 sí 1681, ṣílè márùn-ún ni owó ìtanràn rẹ̀. Èmi gbà pé ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ti Worcester.

Charleston kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Barbados ni ọ̀pọ̀ àwọn aṣáájú tó tẹ̀ ẹ́ dó ní 1670 ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹrú gbin ìrèké. Ètò yẹn náà ni wọ́n gbé wá, ìrẹsì ló sì wá sọ wọ́n di olówó. Nígbà tó fi máa di 1708, adúláwọ̀ ti pọ̀ ju òyìnbó lọ níbẹ̀. Láàárín àwọn ọlọ́lá fúnra wọn, orúkọ ni gbogbo nǹkan. Nígbà náà, bí o bá sọ̀rọ̀ àbùkù sí ọkùnrin kan lójú gbangba, ó lè dájọ́ fún ọ kí ẹ wá kojú ìbọn síra yín. Gómìnà ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, John Lyde Wilson, ló kọ ìlànà irú ìjà yẹn sílẹ̀ ní 1838, agbẹjọ́rò kan, William Shannon, sì kú sínú rẹ̀ níbẹ̀ ní 1880. Àwọn tó lọ gbé lápá òkè ìpínlẹ̀ náà, tí ọ̀pọ̀ wọn ti Ulster ní àríwá Ireland wá láàárín 1717 sí 1775, kì í gba ìwọ̀sí rárá. Níbi tí ọ̀rọ̀ líle ti lè pa èèyàn, mo rò pé dandan ni kí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rín bo ìbínú.

Àwa Yorùbá ni èyí ń tètè mú. Àwa náà ń pòwe, àwa náà ń kí, torí náà a ó gbà pé a gbọ́ èdè wọn. Ẹni tó bá ti ibi tí wọn kì í ti kí báyìí dé á fura. Tiwa, a ó ti jókòó sínú yàrá wọn kí a tó mọ̀ pé wọn ò ní ká jókòó.

"Miss" tí wọ́n ń pè ọ́ yẹn, má fojú kékeré wò ó. Nígbà ayé Jim Crow, ìyẹn òfin tó ya adúláwọ̀ sọ́tọ̀, òyìnbó Gúúsù kì í fi "Mr.," "Mrs." tàbí "Miss" pe àgbà adúláwọ̀. Mary Hamilton, obìnrin adúláwọ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, kọ̀ láti dáhùn nílé ẹjọ́ ní Alabama ní 1963 nítorí pé "Mary" lásán ni wọ́n pè é, adájọ́ ní ó tàbùkù ilé ẹjọ́, ó di ọdún 1964 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dá a láre. Torí náà, àgbà adúláwọ̀ tí o bá bá níbẹ̀, má fi orúkọ lásán pè é láé, bó ti wù kí ó sún mọ́ ọ tó. Má sì lọ máa sọ fún àwọn Gullah pé Yorùbá ni wọ́n. Angola àti etí òkun láti Senegambia dé Sierra Leone ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wọn ti wá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Abúlé Ọ̀yọ́túnjí tó wà ní Sheldon ní South Carolina, ọ̀tọ̀ ni. Àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó yan ẹ̀sìn òrìṣà ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1970. Bí o bá lọ síbẹ̀, wọlé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ti ilé ìwé: mú ìwé tó fi hàn pé ibẹ̀ lo ń gbé dání, kí o sì jẹ́ kí àwọn elétò ìlera ibẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ sórí fọ́ọ̀mù ti South Carolina. Ní Charleston, àjọ ilé ìwé kan ṣoṣo ló ń bójú tó káúńtì náà látòkè délẹ̀, kì í ṣe ìlú kọ̀ọ̀kan bíi ti Massachusetts. Ohun tó ṣòro ni ẹnu àwọn ọmọ. Ọmọ tó dàgbà sí Worcester á dá tíṣà lóhùn ní "yeah," kò sì ní í mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Tèmi ṣe é, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n kọ̀wé sí mi. "Yes ma'am" àti "no sir" ni kí wọ́n máa fi dánra wò láti ìsinsìnyí, nílé, sí ìwọ àti bàbá wọn.

Níbi iṣẹ́, bí ọ̀gá bá ní bí àyè bá yọ, bi í léèrè níbẹ̀ pé aago mélòó ló fẹ́ ẹ, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé ara rẹ pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.

Ẹ̀wù òtútù: mú ẹyọ kan dání fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti Janúárì. Fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Nàìjíríà bọ̀ sí Worcester, wọ́n nílò rẹ̀ jù yín lọ.