Kí Ló Da Òkun Pọ̀ Mọ́ Ọjà Gbági?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Léèsì àti àǹkárá ni mò ń tà ní ọjà Gbági tuntun, n'Íbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, oníbàárà mi kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó fẹ́ ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Báńkì yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ mi. N kò jẹ́ kó gbé aṣọ lọ. Ó bínú, ó ní mo fi òun pe olè. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni owó rẹ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ títí di òní, kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ọmọ mi ní wáyà ló já lábẹ́ òkun. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló da òkun pọ̀ mọ́ Gbági? Ǹjẹ́ mo jẹ̀bi?
Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast. Orúkọ wọn ni WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Láti fóònù yín dé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, inú wáyà ló sábà máa ń gbà dé etí òkun Èkó, kó tó wọ ìsàlẹ̀ omi lọ. Ti MainOne yìí gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà, láti Èkó títí dé Pọ́túgàl. Ọkọ̀ òkun ló gbọ́dọ̀ lọ fa irú wáyà bẹ́ẹ̀ sókè kí wọ́n tó lè so ó, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì kọjá kí wọ́n tó so gbogbo wọn tán. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn wáyà mìíràn tí kò já, bí Equiano tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022, ọ̀rọ̀ tiwa ì bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ óò ní, èmi àti oníbàárà mi jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ni, kí lowó wa ń wá lókun? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Èkó níbí ni NIBSS wà, àwọn tó ń bá àwọn báńkì Nàìjíríà gbé owó láti ọ̀kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ áàpù ló jẹ́ pé Yúróòpù ni kọ̀ǹpútà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi lọ́jọ́ tọ́nà bá dí. Ó ń dùn mí pé a gbé ọjà tí à ń ná lójúkojú sórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, láì sẹ́ni tó bi wá.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun, tí náírà bébà wọ́n bí ojú. Àwọn aláta tí kò gba owó orí fóònù rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé ká máa ná owó àtijọ́ lọ. Owó padà, páálí kò kúrò.

Ẹ kò jẹ̀bi pé ẹ di aṣọ mú. Alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti sọ ọ̀pọ̀ oníṣòwò di onígbèsè. Ṣùgbọ́n oníbàárà yín náà kò jalè, owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìtìjú ló sì bá kúrò lọ́jà. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ di aṣọ náà lójú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀rá, ẹ gbé e sọ́tọ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì sí báńkì kejì. Ẹ kọ́ nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ láì lo dátà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbà yín bó bá jẹ́ inú báńkì gan-an ni wàhálà wà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ìwé. Mo mọ àwọn ìyá ọjà tó jẹ́ pé orí WhatsApp ni gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ wà: ẹni tó jẹ wọ́n lówó, ẹni tó kàn láti kó àjọ, nọ́ńbà oníbàárà ogún ọdún. Ọmọ ìta kan já fóònù gbà níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ó parí. Ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ gbèsè fẹ́ni tí kò ní àkọsílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá Aláṣọ, ẹ ra ìwé líle kan, kí ọmọ yín bá yín kọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Bí nọ́ńbà ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ pè é. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ohùn yín ni kó gbọ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ wáyà yìí fún un, kẹ́ ẹ sì béèrè bí ìyàwó ṣe wà, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa wá aṣọ ìkómọ.