Ẹyin Ahun Tí Kò Pa: Ta Ló Ni Owó Náà?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù aleikum, Àáfà wa. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní àsàlátù wa ní Kubwa, Àbújá, la dáwó jọ, a ra ẹyin ahun ńlá ilẹ̀ Sahel 12 lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Katsina. Ó ní láti òdìkejì ẹnubodè Jíbíà, lápá orílẹ̀-èdè Niger, ni wọ́n ti kó o wá, pé akọ ti gun ìyá wọn, pé gbogbo rẹ̀ ló máa pa. ₦8,000 ni ẹyin kan. Ó ní a gbọ́dọ̀ san ₦96,000 náà pé kó tó gbé e sọ́kọ̀, a sì san án. Nígbà tó dé, a kó o sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin adìẹ, a sì ń yí i lójoojúmọ́. Ó di 130 ọjọ́, ẹyọ kan ò pa. A pè é, ó ní kádàrá ni, pé Mùsùlùmí òdodo kì í bá kádàrá jà. Ní àsàlátù, àwọn kan ní òwò náà ò tọ́ láti ìpìlẹ̀, àwọn kan ní kò yàtọ̀ sí kéèyàn ra ẹyin adìẹ. Àáfà kan tilẹ̀ ní torí pé a ò kọ áyà sára wọn ni kò fi pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa là á.

ÌDÁHÙN: Wa aleikum salaam wa rahmatullahi wa barakaatuhu.

Ọ̀rọ̀ kádàrá ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn, torí òun ló dùn mí jù. Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́hun ló kádàrá pé kí ẹyin náà má pa. Àmọ́ ta ló sọ fún oníṣòwò pé kádàrá Ọlọ́hun ló fún un láṣẹ láti jókòó lé owó ẹlòmíràn? Nínú hádíísì Anas tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti ta èso orí igi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sì bi wọ́n léèrè pé: bí Ọlọ́hun bá di èso náà lọ́wọ́, kí ni ẹnì kan nínú yín máa fi gba owó ọmọ ìyá rẹ̀? Ẹ wò ó dáadáa. Kádàrá gan-an ni hádíísì yẹn ń sọ. Ọkùnrin yín fi kádàrá gbèjà ara rẹ̀, Ànábì sì fi kádàrá kan náà gba owó kúrò lọ́wọ́ irú rẹ̀. Bí Ọlọ́hun ò bá jẹ́ kó pa, kí lo wá tà?

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: kí ló tà?

Àwọn tó ní ó dà bí ẹyin adìẹ, mi ò bá wọn jà, wọn ò kàn wo ìdí rẹ̀ ni. Bí mo bá ra ẹyin adìẹ ní ọjà Kubwa, ẹyin ni mo rà. Bó pa, ó pa. Bí kò pa, mo ti jẹ ẹ́. Iye tí wọ́n ń ta ẹyin ni mo san. Ẹyin ahun tiyín, ta ló máa san ₦8,000 lé e láti fi jẹ ẹ̀kọ? Owó ọmọ inú rẹ̀ lẹ san. Ọlẹ̀ tí ojú ò rí, tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó wà láàyè, ni wọ́n gbé iye lé. Ànábì sì kọ òwò gharar, òwò tí ìdí rẹ̀ ṣókùnkùn, gẹ́gẹ́ bí Abu Hurayrah ṣe gbà á wá nínú Muslim. Ó tún kọ títa oyún inú ràkúnmí, hádíísì Ibn Umar sì wà níbẹ̀. Lójú madh'hab (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Imam Maalik tí àwa ń tẹ̀ lé nílẹ̀ yìí, bí ẹnì kan bá lọ sí ọjà ẹran Dei-Dei lọ ra abo àgùntàn, tó sì fi í ṣe májẹ̀mú pé ó gbọ́dọ̀ lóyún, tí wọ́n tìtorí ìyẹn fowó lé e, òwò náà ò tọ́. Àgùntàn rèé o, tí ojú ń rí, tí ikùn rẹ̀ ṣeé fọwọ́ kàn. Mélòó mélòó ni ẹyin tí wọ́n fi èèpo ìrẹsì wé nínú páálí.

Àléébù kejì nínú òwò náà tún le ju ìyẹn lọ. Ẹyin wà ní Katsina, ẹ̀yin wà ní Kubwa, ó ní ẹ sanwó pé kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹni tó bá ka Risala Ibn Abi Zayd, ìwé òfin madh'hab wa, dé orí òwò mọ èyí: a lè ra ohun tí kò sí níwájú wa bí wọ́n bá júwe rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ fi í ṣe májẹ̀mú pé kí owó ṣíwájú, àfi bí ibi tó wà bá súnmọ́, tàbí kó jẹ́ ohun tí kì í tètè yí padà, bí ilé, bí ilẹ̀, bí igi. Ṣé Katsina súnmọ́ Kubwa ni? Ṣé ẹyin kì í yí padà?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Lẹ́yìn Ìṣáì lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbé páálí yẹn wá bá mi, mo pa iná yàrá, mo tan iná fóònù sábẹ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi sin adìẹ ní Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń yẹ ẹyin wò. Mẹ́jọ nínú wọn mọ́ gaara, pupa ẹyin nìkan ló ń yí nínú rẹ̀. Kò jọ pé ọmọ kankan bẹ̀rẹ̀ nínú wọn rí. Mẹ́ta ti dúdú kọ́lọ́kọ́lọ́, wọ́n ti dòbu. Ọ̀kan ni mo rí okùn ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín nínú rẹ̀, ó ti gbẹ mọ́ra. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ó sì kú sójú ọ̀nà tàbí sọ́wọ́ yín.

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Adìẹ fúnra rẹ̀ máa ń yí ẹyin rẹ̀, ìyẹn lẹ fi ń yí tàhun. Ahun kì í yí tirẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó yé e síbẹ̀, ó bò ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Láàárín bí ọjọ́ kan sí méjì tó bá ti yé e, ọlẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ inú èèpo lókè, ibẹ̀ ló ti ń mí. Ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó pa á. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń fi pẹ́ńsù sàmì sí òkè ẹyin kí wọ́n tó gbé e kúrò nínú ihò. Ẹ wá wo ẹyin tó wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀ Golf láti Katsina títí dé Jabi, tí dẹ́rẹ́bà ń bọ́ sí kòtò, tó ń jáde, tí àpò àlùbọ́sà wà lórí páálí, tí inú búùtù gbóná bí ààrò. Ìwọ̀n ooru 28 sí 32 (Celsius) ló ń fẹ́, fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló lè ṣe onígbọ̀wọ́ ìyẹn? Ọkùnrin tó ní "gbogbo rẹ̀ ló máa pa" sọ ohun tí ẹ̀dá kankan ò mọ̀.

Ọmọ kéwú kan ní àsàlátù yín ránṣẹ́ sí mi pé Khalil, onímọ̀ òfin madh'hab wa, sọ pé ẹyin tó bá bàjẹ́, kí wọ́n dá a padà, nítorí náà kí oníṣòwò dá gbogbo owó padà. Ó kàwé, Ọlọ́hun á jẹ́ kó kún un. Òótọ́ ni: igi tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ tàbí ẹ̀pà tó ti jẹrà nínú èèpo, tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ àfi tó bá là á, a kì í dá wọn padà, àmọ́ a máa ń dá ẹyin padà torí a lè mọ̀ bó bá ti bàjẹ́ ká tó fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ibi tí òwò ti tọ́ ni wọ́n ti ń lo ìyẹn, àwọn tó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, kò sí ìdápadà mọ́, torí a ò mọ̀ bóyá ọwọ́ ẹni tó tà á ló ti bàjẹ́ tàbí ọwọ́ ẹni tó rà á. Tiyín ti lé ní oṣù mẹ́rin. Kì í ṣe ojú ìwé yẹn ló máa gbà yín.

Èyí tó máa gbà yín ni pé òwò náà bàjẹ́ láti ìpìlẹ̀. Òwò tó bàjẹ́, ẹrù ṣì wà lọ́rùn ẹni tó tà á títí ẹni tó rà á á fi gbà á. Bó bá ti gbà á, ó di ọrùn tirẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe iye tí wọ́n dá lé e ló máa san o, iye tó tó lọ́jọ́ tó gbà á ni. Ẹ pe àwọn méjì tó mọ ọjà, kí wọ́n sọ iye tí èèyàn á ra ẹyin ahun tó ti jó gbọ̀n-ọ́n láti Katsina, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá á pa. Bí wọ́n bá ní ₦500 ni, ₦6,000 nìyẹn fún 12. Kí ó kó ₦90,000 fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi díẹ̀ jìn ín, ẹ̀yin lẹ ni ín, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Òun ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀sìn pa yín lẹ́nu mọ́.

Ní ti àáfà tó ní kẹ́ ẹ kọ "Ó ń mú ààyè jáde láti inú òkú" sára ẹyin, mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, mo sì fẹ́ kó gbọ́ tèmi. Áyà ọlọ́wọ̀ ni, nínú Súrà Ruum. Àwọn onítafsiir fi ẹyin àti adìẹ ṣàpẹẹrẹ rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di tíírà. Ànábì wo ni ó kọ ọ́ sára ẹyin? Sàhábà wo? Ẹyin yẹn á dòbu, á rùn, ẹ ó sì gbé e jù sí ààtàn, tòun ti ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lára rẹ̀! Ẹni tó ń gba owó hantu, owó áyà kíkọ, lórí èyí, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun. Èyí tó tún burú jùyẹn ni àwọn tó ń sọ pé ahun tó bá ti inú ẹyin jáde nínú ilé máa ń fún onílé ní ẹ̀mí gígùn, pé ó ń gba àjálù dúró. Bí ohun tó wà lọ́kàn yín nìyẹn, ẹ tètè ronú pìwà dà, torí ẹbọ ni. Ahun ò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dá a délẹ̀.

Ó tún ku ẹnubodè Jíbíà. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Gbogbo ahun orí ilẹ̀ ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti 1974, a sì ti ní òfin tiwa lórí rẹ̀ láti ọdún 1985. Ahun ńlá ilẹ̀ Sahel sì rèé, láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó èyí tó wá láti inú igbó kọjá ẹnubodè fún òwò. Ẹyin wà nínú òfin náà. Òfin tí kò bá tako ti Ọlọ́hun, dandan ni ká pa á mọ́. Ká tiẹ̀ ní ó pa, akọ rẹ̀ lè tẹ̀wọ̀n ju 50 kílò lọ, ó sì máa ń gbẹ́ ilẹ̀. Yàrá méjì ní Kubwa ò gbà á. Ẹ rántí obìnrin inú hádíísì tó tìtorí ológbò tó tì mọ́lé wọ iná.

Àwọn tó ń bi mí bóyá jíjẹ ahun tọ́: lọ́dọ̀ wa, ó tọ́ bí wọ́n bá dúńbú rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn Shafi'i, kò tọ́. Ìyẹn ò kan èyí.

Ẹ sin ẹyin wọ̀nyẹn sílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí àwọn ọmọdé má fi ọwọ́ kàn án. Bí ọkùnrin Katsina náà bá ní àwíjàre, kí ó pè mí. Mo máa ń wà ní mọṣáláṣí lẹ́yìn Asri lọ́jọ́ Sátidé. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.