Etíkun wo ló dáa fún windsurfing tọ́mọdé bá wà nínú mọ́tò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa méjì, ọdún 12 àti 8, fẹ́ wa mọ́tò gba etí òkun lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ò ní dúró sójú kan. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe windsurfing, ìyẹn eré téèyàn ń dúró lórí bọ́ọ̀dù tó ní ìgbòkun kí atẹ́gùn máa gbé e lọ lójú omi, èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà wá ní òun fẹ́ kọ́ ọ. Wàhálà mi ni pé ibi tí fọ́tò ẹ̀ rẹwà lórí fóònù, téèyàn bá débẹ̀ tán, ó lè máà sí atẹ́gùn rárá, tàbí kí ìgbì pọ̀ débi tọ́mọ ò ní lè fẹsẹ̀ kan omi. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tó dáa? Bàbá Ọlọ́mọ Méjì.

ÌDÁHÙN: Bàbá ọlọ́mọ, inú mi dùn pé ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbéra. Tọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá o, tiyín á tẹ̀ lé e. Ibi tó máa dùn mọ́ yín lè dẹ́rù ba ọmọ ọdún 12 débi tí ò ní fẹ́ fojú kan bọ́ọ̀dù mọ́ láé. Ho'okipa tó wà ní erékùṣù Maui ní Hawaii tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ yẹn, ìgbì ńlá àti òkúta ló wà níbẹ̀, àwọn ògbóǹtarìgì ló ni ín. Tarifa ní Sípéènì náà ńkọ́, atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní Levante máa ń já gba ojú omi tóóró tó wà láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà, ó lè kọjá 30 knot (knot kan sún mọ́ kìlómítà 2 ní wákàtí), ó sì lè fẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan léraléra.

Omi tó tẹ́jú, tí ò kọjá àyà ọmọ, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ yanrìn, òun lẹ ń wá. Inú ọ̀sà àti ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ lẹ ti máa rí i. Torí ẹ̀ náà làwọn tó ń kọ́ ọ ṣe ń lọ sí Langebaan ní South Africa àti Dakhla tó wà létí aṣálẹ̀ Sahara, atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa níbẹ̀ àmọ́ omi ọ̀sà ni. Ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì lórí Google Maps kẹ́ ẹ máa tọ etí òkun lọ díẹ̀díẹ̀, ibi tí àwọ̀ omi bá ti mọ́ rekete lè jẹ́ yanrìn tí ò jìn, ibi tó bá ṣú lè jìn tàbí kó jẹ́ òkúta tàbí koríko ló wà nísàlẹ̀. Ẹ wo àkókò tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà pẹ̀lú o, torí ní Sotavento, erékùṣù Fuerteventura tó jẹ́ ti Sípéènì, ọ̀sà tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn yẹn, bí òkun bá fà, iyanrìn lásán lẹ lè bá níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá débẹ̀, ẹ dúró kẹ́ ẹ kọjú sí òkun. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí yín létí ọ̀tún tàbí tòsì, ibi tó dáa nìyẹn, ẹ máa lè lọ, ẹ máa lè bọ̀. Bó bá ń fẹ́ sí yín lójú, á máa tì yín padà sétí omi, kò léwu púpọ̀ àmọ́ àtijáde máa nira. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ti ń bá yín, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ò gbọdọ̀ wọ omi! Irú atẹ́gùn yẹn máa ń tanni, torí etí omi máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ bí omi inú abọ́, àfi téèyàn bá rìn síwájú díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ó ti ń gbé òun lọ. Ó ti ṣe mí rí, ọwọ́ ni mo fi tu bọ́ọ̀dù padà sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ohun tó kó mi yọ ò ju pé mi ò fi bọ́ọ̀dù yẹn sílẹ̀ lọ. Ẹ kọ́ ọmọ yín bẹ́ẹ̀ kó tó kọ́ ohunkóhun míì, kó wọ life jacket, kó má fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀ láé.

Fún ọmọ, 8 sí 12 knot ti tó. Má wulẹ̀ rò pé 20 kàn ju 10 lọ ní ìlọ́po méjì o, agbára ẹ̀ lára ìgbòkun jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Windguru àti Windy, àwọn ìkànnì tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, máa ń sọ iye tí atẹ́gùn máa fẹ́ àti iye tó lè ru dé lójijì, bí àlàfo àárín méjèèjì bá pọ̀, bíi 10 àti 22, ẹ jẹ́ kọ́mọ máa kọ́ ilé yanrìn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbára lé ohun tí wọ́n bá sọ kọjá ọjọ́ mẹ́ta, torí náà ẹ má sanwó ibi tẹ́ ẹ máa sùn fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ tán.

Ẹ máa wa mọ́tò láàárọ̀. Nígbà ooru, oòrùn máa ń tètè mú ilẹ̀ gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè, tútù á ti orí òkun wọlé wá rọ́pò ẹ̀, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọ̀sán gan-an, ọ̀sán ló sì máa ń le jù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á rọlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá débì kan lọ́sàn-án tí atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa àmọ́ tẹ́ ò rí ìgbòkun kan ṣoṣo lójú omi, ẹ bi àwọn apẹja léèrè kẹ́ ẹ tó já nǹkan yín sílẹ̀, wọ́n mọ ìdí ẹ̀. Ibi tí ilé ẹ̀kọ́ windsurfing tó ní ọkọ̀ ojú omi ìdóòlà bá wà ni mo fẹ́ jù fún ọjọ́ àkọ́kọ́ ọmọ yín, wọ́n á ní ìgbòkun kékeré tó bá a mu, ẹ má gbé tiyín fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọkọ mi ló ń wọ omi, èmi àti ọmọ ọdún méjì la máa ń wà ní yanrìn, iyanrìn á máa fẹ́ sọ́mọ lójú títí á fi ké. Ṣé kí n máa jókòó sínú mọ́tò ni? Ìyá Kékeré.

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá wa. Ẹ ní kí bàbá wá etíkun tó tẹ̀ bí apá tó gbá nǹkan mọ́ra, igun kan ibẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn òkè tàbí igi tí atẹ́gùn ò ti ní kàn yín, òun á sì rí tiẹ̀ ní igun kejì. Bí irú ẹ̀ ò bá sí, iyanrìn tómi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí ẹ̀ ṣì tutù, kì í fẹ́ sókè, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní yín sí, kẹ́ ẹ sáà máa fojú sí òkun bó bá ti ń kún bọ̀.