Ìwọ̀n ẹ̀dà ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń ṣe ẹ̀dà Millennium Falcon, ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù Star Wars ti 1977, èyí tó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5. Fọ́tò ni mo fi ń wọn ọ́n, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kò bára mu.

Ìdáhùn: Ara mọ́dẹ́ẹ̀lì oníke tó wà lọ́jà, irú bíi táǹkì ogun, ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù náà ti yọ ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni ojútùú wà. Ẹ wá ẹyọ kan tí ẹ dá mọ̀ nínú fọ́tò, kí ẹ fi kálípà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké) wọn ojúlówó rẹ̀ láti inú mọ́dẹ́ẹ̀lì ọjà náà. Bó bá jẹ́ mìlímítà 24 lọ́wọ́ yín, tó sì jẹ́ 8 nínú fọ́tò, ìlọ́po 3 ni gbogbo ìwọ̀n agbègbè yẹn. Agbègbè yẹn nìkan ni o! Ohun tó sún mọ́ kámẹ́rà máa ń tóbi ju èyí tó jìnnà lọ, nítorí náà ẹ má fi ìwọ̀n imú ọkọ̀ ṣe ti ìdí rẹ̀.

Ẹ má wọn ẹ̀dà ẹyọ náà tí wọ́n fi résìn (oje oníke tó máa ń gan) dà, torí résìn máa ń súnkì bó bá ń gan. Kí ẹ tó lo góòmù, ẹ kọ́kọ́ tò ó sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ojú ibi kan náà, kí ẹ sì fi wé fọ́tò ti àkọ́kọ́.