Kọ́ṣọ̀n fíì ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, bọ̀dá

Ẹ kú àjò o, bọ̀dá wa ní Manchester. Ẹ ní ẹ ń bọ̀ nílé ní oṣù kọkànlá, ẹ fẹ́ gbé màmá ní Muṣin, ìyàwó yín àti ọmọ méjì lọ sinmi létí ọ̀sà láti Jímọ̀ títí di Ọjọ́ Àìkú, níbi tí kò ti ní sí ariwo, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa sáré. Ẹ wá ní àwọn onílé ìgbàlejò náà ti ní kí ẹ fi owó yàrá àti kọ́ṣọ̀n fíì (owó tí wọ́n ń dì mú nítorí ohun tí àlejò lè bàjẹ́) ránṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi tí ẹ wà. Ẹ dákun, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù àti ìwé ìrìnnà, mi ò ní fọwọ́ kàn án, ẹ ti mọ ìyẹn jù mí lọ.

Kọ́ṣọ̀n fíì yẹn gan-an ni owó àwọn ará wa tó wà lókè òkun ń gbà lọ. Wọ́n á ní àwọn á dá a padà tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Ó dáa. Ẹ bi wọ́n pé nígbà wo, àti sínú àkáǹtì wo. Púpọ̀ nínú wọn á ní ó di wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn tí ẹ bá ti kúrò. Tí ẹ bá jáde ní Ọjọ́ Àìkú, tí bàálù yín gbéra ní alẹ́ Ajé, òkè lẹ ó wà nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ yàrá wò, tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ní ẹ bàjẹ́. Ta ni ẹ fẹ́ bá jà láti Manchester?

Wọn kì í sì í dá a padà sínú àkáǹtì ìlú òyìnbó. Náírà ni, àkáǹtì Nàìjíríà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti pa àkáǹtì yín tì láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 2024 ni àṣẹ báńkì àpapọ̀ ti múlẹ̀ pé àkáǹtì tí kò bá ní BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) tàbí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ọmọ orílẹ̀-èdè), kí wọ́n tì í: ẹ ò ní lè gba owó yín jáde. Ẹ ó wá lọ tò sí báńkì. Ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí i á ti lọ jẹun láti aago méjìlá, fọ́ọ̀mù á ti tán, wọ́n á ní kí ẹ lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn níta. Ní 2025 wọ́n ti ṣí BVN ti àwọn ará òkèèrè, tí ẹ lè gbà láti ibi tí ẹ wà láìwá sílé rárá. Òní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, kó má di ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó wọ bàálù.

Àwọn kan á ní, ṣebí kí n fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì àbúrò mi. Háà. Owó tó bá ti wọ àkáǹtì àbúrò, ti àbúrò ni. Kí ẹ tó béèrè, ó ti fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ ilé màmá, ẹ ò sì ní lẹ́nu láti bínú.

Ẹ má rò pé fèrèsé tó fọ́ ni wọ́n fi ń yọ owó náà. Nǹkan wẹ́wẹ́ ni: epo pupa lára táwẹ́ẹ̀lì funfun, dáì irun màmá lára ìrọ̀rí, rìmóòtì ẹ̀rọ amúlétutù tí ọmọ tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ gbàgbé sínú àpò. Ẹ mú ìrọ̀rí àti táwẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ dúdú kọ̀ọ̀kan dání fún màmá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, owó ńlá nìyẹn ń gbà padà fún yín lọ́wọ́ wọn.

Ẹ sọ fún wọn pé owó yàrá lẹ ó san sílẹ̀, ìdajì rẹ̀ tí wọ́n bá gbà, àti pé kọ́ṣọ̀n fíì di ọjọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ ó kà á lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á kọ ríṣíìtì, wọ́n á sì kà á padà lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tó jáde ní géètì. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí WhatsApp o, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, òun nìkan kọ́ ló kọ́lé sétí omi.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó já báàgì sílẹ̀, ẹ ya fídíò yàrá náà, kí òṣìṣẹ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù kí fídíò gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n, torí ojú tẹlifíṣọ̀n tó ti sán kì í hàn nígbà tó bá wà ní pípa. Ẹ fa ilẹ̀kùn fíríìjì, ẹ wo rọ́bà etí rẹ̀. Ẹ ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ẹ wo mátírẹ́ẹ̀sì bóyá àbàwọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹ na táwẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sókè. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lójú ẹsẹ̀, kí ọjọ́ àti aago rẹ̀ wà lórí fóònù tiwọn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ owó: nọ́ńbà àkáǹtì, mẹ́wàá ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù báńkì, orúkọ oní-àkáǹtì á jáde kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé kọ́ńpìnnì ni wọ́n ń pe ara wọn, tó wá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ló jáde, ẹ dúró. Ẹ wá orúkọ kọ́ńpìnnì náà lórí ojú òpó CAC, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sì ní kí wọ́n fi fídíò pè yín, kí ẹni náà rìn láti géètì títí dé etí omi bí ẹ ṣe ń wò ó. Oní-gbájúẹ̀ lè jí fọ́tò ilé onílé, ṣùgbọ́n kò lè rìn nínú rẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá owó orí wà nínú iye tí wọ́n dá. VAT jẹ́ 7.5%, ti ìpínlẹ̀ Èkó lórí hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ jẹ́ 5%, àwọn mìíràn á tún gbé 10% lé e fún ìtọ́jú. Yàrá ₦100,000 ti di ₦122,500. Fún yàrá méjì, òru méjì, ₦490,000 nìyẹn, ẹ ò tíì jẹun.

Ibo ni kí ẹ wá lọ? Nítorí màmá, Ẹ̀pẹ́ ni mo fara mọ́. Ìlàṣẹ dùn, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Ní apá Mẹ́rínà síhà ẹnu òkun, omi máa ń kún, ó sì máa ń fà, tó nǹkan bíi mítà kan. Tó bá ti fà, ọkọ̀ á rẹlẹ̀ gan-an sí pákó èbúté. Ẹ wo màmá tó na ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ tó ń mì, tí orúnkún kejì ń dùn ún lórí pákó, tí ọmọkùnrin kan ń pariwo nísàlẹ̀ pé, "Màmá, ẹ fò!" Tó bá jẹ́ dandan, ẹ bi wọ́n ní aago tí omi máa kún, kí ẹ sì lọ ní ọ̀sán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ gbé yín lálẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì ojú omi, ẹ fa okùn rẹ̀ wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Òmíràn, ìdè rẹ̀ ti já, wọ́n kàn so ó mọ́ra ni. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà, torí ọmọ á yọ́ bọ́ láti inú ti àgbà tó bá bọ́ sómi.

Nǹkan mìíràn nípa oṣù kọkànlá: omi òjò á ti gbé koríko orí omi kún inú ọ̀sà. Ó di ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, tí omi òkun tó níyọ̀ bá wọlé, kó tó kú. Koríko yìí máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tó ń tù ú lára. Bó bá ti gbóná, ẹni tó ń wa ọkọ̀ á pa á lágbedeméjì omi, á gbé e sókè, á máa fi ọwọ́ já koríko. Ẹ má bẹ̀rù tó bá rí bẹ́ẹ̀. Tó bá kọ̀ láti pa á ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù.

Láti Muṣin sí Ẹ̀pẹ́, ẹ lè gba Ìkòròdú sí Ìtòikin, tàbí kí ẹ yípo gba Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ bi ẹni tó gba ọ̀nà méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Lẹ́kí sí Ajah ní ọ̀sán Jímọ̀, ẹ má dán an wò. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni kí ẹ kúrò nílé, kí ẹ ti wọ Ẹ̀pẹ́ kí Jímọ̀ tó dí ojú ọ̀nà. Aago méjì ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò ní yàrá, torí náà ẹ yà sí ọjà Olúwo, ẹ ra ọ̀bọ̀kún tàbí àrọ̀ tútù, kí wọ́n bá yín ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti béèrè ṣáájú bóyá ilé náà gbà kí ẹ gbé oúnjẹ wọlé, àti èló ni wọ́n ń gbà láti bá yín sè é. Àìbéèrè ìyẹn náà ń jẹ kọ́ṣọ̀n fíì. Tó bá jẹ́ Àgbádárìgì lẹ fẹ́ lọ dípò Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà tó lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀ ni. Àwọn aṣọ́bodè, àwọn ọlọ́pàá, gbogbo wọn ló fẹ́ wo búùtù yín. Kí ìwé ọkọ̀ pé, kí dírẹ́bà máa kí wọn, kí ẹ̀yin tí ohùn yín ti yí díẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn.

Iná: ẹ má béèrè bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, ẹ béèrè aago tí wọ́n ń pa á. Ínfátà tó ń lo bátìrì á gbé fáànù àti gílóòbù, kò ní gbé ẹ̀rọ amúlétutù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi kànga létí ọ̀sà lè pọ́n tàbí kó níyọ̀ díẹ̀, ó dára fún ìwẹ̀. Ti mímu, páálí omi ìgò mẹ́ta (ìgò 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 75cl) tó fún ẹ̀yin márùn-ún. Ẹ̀fọn etí omi kì í ṣeré ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa oògùn ibà fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò lọ́hùn-ún, torí òmíràn ni a ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, òmíràn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ má sọ fún àwọn mọ̀lẹ́bí títí ẹ ó fi kúrò nílé. Tí àǹtí ti Ìsọlọ̀ bá gbọ́, márùn-ún á di mọ́kànlá, wọ́n á sì gbé kúlà ìrẹsì dání. Ilé wọ̀nyí máa ń ka orí ní géètì. Ẹni tó lé ní owó tirẹ̀, kódà tí kò bá sùn, inú kọ́ṣọ̀n fíì ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ rí wọn, kí wọ́n wá kí yín ní Muṣin.

Inú màmá á dùn, ìyẹn dá mi lójú. Ẹ bá àwọn onílé ìgbàlejò náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ òní, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nípa ọjọ́ tí ẹ ó san kọ́ṣọ̀n fíì, kí ẹ tó fi bàálù tó ń padà lọ sí Ajé. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ tì í sí Ọjọ́bọ̀.